Pẹ́dàlì gìtá kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ò lè fi sílẹ̀ nílé, èwo ni? Owó ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ mi

Onígìtá Mọ́kọlá:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ dá mi lóhùn torí owó tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe èyí tí mo lè fi ṣàṣìṣe. Ìbàdàn ni mo wà. Gìtá lead ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárọ̀ Sunday àti lálẹ́ Wednesday, tó bá di Saturday èmi àti band kan máa ń lọ sóde ìnáwó, jùjú àti highlife ló pọ̀ jù níbẹ̀. Pẹ́dàlì mẹ́ta ni mo ní tẹ́lẹ̀, àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà: overdrive tó ń mú kí ohùn bú, chorus tó ń mú kó dún bíi gìtá méjì, àti delay tó ń tún ohùn wí, adaptor kan ṣoṣo ló ń fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níná. Lóṣù tó kọjá a wà lórí eré, wọ́n mú iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gílóòbù gbogbo mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ fa wáyà yọ mo ti ń gbóòórùn nǹkan tó ń jóná. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ó tú wọn wò, ó dé wọn padà, ó ní kí n máa gbé wọn lọ sílé.

Mo ti ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ látìgbà yẹn, ẹyọ kan ló lè rà tó bá máa jẹ́ ojúlówó. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, tí wọ́n ní ẹyọ kan péré ni kẹ́ ẹ gbé dání, èwo lẹ máa mú? Ẹ má kàn dárúkọ ẹ̀ o, ẹ sọ ìdí fún mi.

Ohun kan tún wà tó ń rú mi lójú. Àtìgbà tí àwọn pẹ́dàlì yẹn ti kú, gìtá mi gan-an ò dún dáadáa mọ́, àní tí mo bá ń ta á lásán láìsí effect kankan, ó ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Mi ò ní áńpù, inú mixer ni mo máa ń ki wáyà mi bọ̀ tààrà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde. Mo ti fi okùn tuntun sí i, kò yàtọ̀.

Delay Lójú Agbo:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àdánù ńlá nìyẹn. Tèmi ò le rárá, delay ni, mo sì lè sọ ìdí ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ mọ̀ pé nínú jùjú, gìtá kan kì í dá sọ̀rọ̀, gìtá mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń wọ inú ara wọn bí ẹní ń hun ẹní, ṣùgbọ́n lóde òní ta ló fẹ́ sanwó onígìtá mẹ́rin, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa pè. Delay ló máa di onígìtá kejì yín. Ẹ ṣe ìṣirò báyìí: ẹ mú 60,000, ẹ pín in sí iye beat tó wà nínú ìṣẹ́jú kan, iye millisecond (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) tó wà nínú beat kan nìyẹn. Tí orin bá ń lọ ní 100, beat kan jẹ́ 600. Jùjú wa sì rèé, mẹ́ta-mẹ́ta ni beat yẹn máa ń pín sí, ìdá kan jẹ́ 200, ìdá méjì jẹ́ 400. Ibi 400 yẹn ni mo máa ń gbé e sí, kó padà wá lẹ́ẹ̀mejì péré kó sì kú, kí ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti gìtá fúnra ẹ̀. Ẹ wá ta nóòtì kan kẹ́ ẹ dákẹ́. Á dá yín lóhùn láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò ní kọ lu ẹnì kankan, àwọn tó ń jó á máa wo ẹ̀yìn yín pé ta ló tún wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á ẹ wo iye àkókò tó lè gbé. DM-2 tí ilé iṣẹ́ Boss gbé jáde ní 1981, ohùn ẹ̀ dùn ó sì tutù, ṣùgbọ́n kò lè kọjá nǹkan bíi 300 millisecond, kò lè ṣe 400 tí mo wí yẹn. DD-3 tiwọn dé 800. Ìyẹn tó fún iṣẹ́ wa.

Akọrin Agége:
Ẹ̀gbọ́n Delay, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹni yìí ti ń ta gìtá ná. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tiles nílẹ̀, páànù lókè, ògiri lásán lọ́tùn-ún lósì, gbọ̀ngàn yẹn fúnra ẹ̀ ti jẹ́ delay kó tó di pé ẹnikẹ́ni ra kinní kan. Tẹ́ ẹ bá tún gbé delay lé e, ó ti di àsáró nìyẹn.

Tuner, pẹ́dàlì tó ń fi hàn yín bóyá okùn ti yẹ̀, ni mi ò lè ṣe láìsí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní tuner kì í ṣe effect, kò dùn létí, kò kàn mí. Praise medley wa lè gba ogójì ìṣẹ́jú kó má dúró rárá, láti orí orin kan bọ́ sórí èkejì, fáànù ń fẹ́ lù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ooru ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, òógùn ń kán sórí okùn. Gìtá wo ni kò ní yẹ̀? Kíbọọ̀dù kì í yẹ̀, orí 440 hertz, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń tune nóòtì A, ló máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, gìtá ló máa ń dójú ti èèyàn. Mo rántí Sunday kan, okùn kẹta mi ti wálẹ̀ díẹ̀, mi ò mọ̀ torí ìlù ti bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, mo wọ solo pẹ̀lú ìgboyà, olórí akọrin yíjú padà wò mí. Ojú yẹn ṣì wà lọ́kàn mi di bí mo ṣe ń tẹ èyí. App orí fòònù ò lè gbọ́ gìtá láàárín drum. Èyí tí wọ́n ń fi há orí gìtá náà, tí bass bá ti ń mi stage, ó ń ka bass mọ́ gìtá. Pẹ́dàlì nìkan ló ń gbọ́ láti inú wáyà tààrà. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn á kú pátápátá, ẹ á tune okùn tó yẹ̀, ẹ á tún un tẹ̀, ẹ ti padà sínú orin, kò sí ẹni tó mọ̀.

Overdrive Yábàá:
Èmi ò lè gbà pé ká ra tuner pẹ̀lú owó tí èèyàn tù jọ. Overdrive ló ń fún gìtá ní ẹ̀mí. Ibanez TS9 ni tèmi, drive nílẹ̀, level lókè, tone ní àárín. Tẹ́ ẹ bá ta á jẹ́jẹ́ ó mọ́, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án gidi á bú. Nígbà ìsìn, tí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà tẹ́ ẹ sì gbé nóòtì gígùn kan sókè, kò sí pẹ́dàlì míì tó lè ṣe ìyẹn.

Ẹni Tó Jókòó Ti Mixer:
Èmi kì í ta gìtá o, èmi ni mo ń gba wáyà yín sínú mixer, ọdún kẹrìndínlógún mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n Yábàá, ẹ̀yin ní áńpù, ẹni yìí ò ní. Spíkà áńpù gìtá, èyí tó jẹ́ 12 inches yẹn, kì í gbé ohùn òkè pátápátá jáde, tó bá ti kọjá nǹkan bíi 5 kilohertz ó ti ń jù ú sílẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí overdrive dùn létí. Spíkà tí a ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde ní horn, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé jáde, ìdí nìyẹn tí overdrive tó wọ mixer tààrà fi máa ń han bí ẹ̀fọn nínú etí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lọ́nà yìí, ó gbọ́dọ̀ ní cabinet simulator, ohun tó ń ṣe bíi spíkà áńpù, lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ti di pẹ́dàlì méjì.

Onígìtá Mọ́kọlá, ohun tẹ́ ẹ sọ pé gìtá yín ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, ìyẹn ni mo bá wá. Nínú àwọn mẹ́ta tó jóná, ṣé Boss wà níbẹ̀? Ṣé òun ló wà níwájú?

Onígìtá Mọ́kọlá:
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Overdrive yẹn, Boss ni, òun ni wáyà gìtá mi máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Àmọ́ mi ò kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn án, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìsìn.

Ẹni Tó Jókòó Ti Mixer:
Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ dáadáa torí mo máa ń rí i káàkiri, àwọn onígìtá á sì máa bú wa pé a ò mọ mixer tẹ̀.

Ohùn tó ń jáde lára gìtá tí kò ní bátìrì nínú, ohùn tí kò lágbára ni. Ó ń fẹ́ ẹni tó máa gbà á tìrọ̀rùn. Áńpù gìtá mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á, nǹkan bíi 1 megaohm (ìyẹn 1,000 kilohm) ni wọ́n máa ń ṣe ẹnu ihò ẹ̀, bó bá ṣe ga tó ni ẹrù ẹ̀ ṣe fúyẹ́ tó fún gìtá. Ihò line ti mixer kò rí bẹ́ẹ̀, 10 tàbí 20 kilohm ló máa ń jẹ́ lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹrù tó wúwo jù ni fún pickup, mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gba ohùn okùn gìtá, àfi bí ìgbà tí wọ́n gbé àpò símẹ́ǹtì lé ọmọdé lórí. Ohùn òkè ló máa kọ́kọ́ lọ, ó ṣẹ́ku gbúgbú. Tí wáyà bá tún gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó tún bù lára ohùn òkè yẹn.

Àwọn pẹ́dàlì Boss kéékèèké, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní buffer nínú. Ẹ tàn án o, ẹ pa á o, ohùn yín ń gba inú buffer yẹn kọjá, ó ń gba gìtá ní 1 megaohm, ó ń gbé e jáde ní 1 kilohm, mixer ò wá lè fà á mọ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti pa overdrive yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe fún yín. Àwọn èyí tí wọ́n ń pè ní true bypass ò rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti pa á, wáyà lásán ló kù.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ló yẹ kó ra DI box, àpótí tó ń mú ohùn gìtá bá mixer mu, kó jẹ́ active, èyí tó ń lo iná, kó wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé gìtá dé. Ẹ bá wọn sọ ọ́, kì í ṣe owó àpò yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ pẹ́dàlì kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tó ní buffer, nǹkan míì tó bá tún ń ṣe, èrè ni.

Akọrin Agége:
Ẹ ṣé gan-an sà, mi ò mọ èyí rí. Tuner TU-3 tí mò ń lò náà, Boss ni, buffer sì wà nínú ẹ̀. Bóyá ìdí tí gìtá mi fi ń mọ́ ju ti àwọn tó kù lọ nìyẹn, mo ti ń rò pé pickup ni.

Ìyá Ẹlẹ́gìtá:
Ẹ káàsán gbogbo ilé. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ compressor, mi ò sì lè dákẹ́. Ọwọ́ highlife ni tèmi, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, mi ò lo pick. Nígbà tí mo bá ń ta gìtá báyìí, okùn tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ máa ń pariwo, èyí tí ìka ń fà á máa ń sọnù. Compressor á tẹ èyí tó pariwo mọ́lẹ̀, á fa èyí tó sọnù sókè, gbogbo nóòtì á wá tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. MXR Dyna Comp ni mo ní, knob méjì péré ló wà lára ẹ̀, Output àti Sensitivity. Sensitivity yẹn kò kọjá ibi aago mẹ́sàn-án, tẹ́ ẹ bá gbé e kọjá ibẹ̀ ó máa ń fún ohùn lọ́rùn pa, á sì máa gbé ariwo shìì yẹn jáde nígbà tẹ́ ẹ bá dákẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ la wà lórí ẹ̀.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún àbúrò mi Mọ́kọlá, compressor máa ń dùn mọ́ ẹni tó ń ta rhythm ju ẹni tó ń ta lead lọ. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń tẹ̀lé olórin lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, rà á. Tó bá jẹ́ solo lò ń ta, á pẹ́ kó o tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Onígìtá Peckham:
Ẹ kú ilé o, ìlú London nibí. Èmi máa ní kẹ́ ẹ má ra pẹ́dàlì kan tó ń ṣe iṣẹ́ kan. Zoom MS-50G wà, pẹ́dàlì kékeré ni, ẹyọ kan ni lójú, àmọ́ delay wà nínú ẹ̀, chorus wà níbẹ̀, compressor, áńpù, tuner, gbogbo ẹ̀. Òun ni mo ń gbé lọ sí ìsìn àjọ̀dún tí mi ò bá fẹ́ gbé ẹrù wọ bọ́ọ̀sì. Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé knob ẹ̀ kéré, ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè yí nǹkan padà láàárín orin. Ẹni tó bá máa ń ta gìtá nínú oòrùn lábẹ́ kánópì, kò ní rí ojú ẹ̀ dáadáa.

Bàbá Steel:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n dá tèmi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa ń fi í sórí ètò ìnáwó. Volume pedal. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ band King Sunny Adé nígbà 1980 sí wá, ẹ rántí steel gìtá, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn ẹ̀, tí Demola Adepoju ń ta láàárín gbogbo gìtá yẹn, tí ohùn kàn ń wọlé bí atẹ́gùn, tẹ́ ẹ ò gbọ́ ìgbà tí ìka kan okùn. Ẹni tó ń ta pedal steel kì í fi volume pedal sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wà lórí ẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ ta okùn nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè tí ohùn ti kú, kẹ́ ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Gìtá lásán náà lè ṣe é. Nínú ìsìn, nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà jẹ́jẹ́, ìyẹn dára ju overdrive lọ létí tèmi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, oríṣi méjì ni. Gìtá tí kò ní bátìrì tó wọ inú ẹ̀ tààrà, 250K (kilohm) ni kẹ́ ẹ béèrè. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn buffer lẹ máa gbé e sí, 25K. Wọ́n tà á fún mi lódì nígbà kan, gbogbo ohùn òkè gìtá mi lọ, bí ọ̀gá onímixer ṣe ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan yẹn gẹ́lẹ́.

Delay Lójú Agbo:
Bàbá, ẹ ṣé o, èyí wọ̀ mí lára. Mo ṣì wà lórí delay mi. Àmọ́ mo gbà pé ẹni tí gìtá ẹ̀ ti ń dún gbúgbú, delay á kàn máa tún gbúgbú yẹn wí lẹ́ẹ̀mejì ni.

Akọrin Agége:
Ọ̀rọ̀ iná ló kù tẹ́nikẹ́ni ò tíì fọwọ́ bà, bẹ́ẹ̀ òun ló pa àwọn ti tẹ́lẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná ẹ̀. Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì, 9 volts DC ni wọ́n ń jẹ, minus sì ló wà ní àárín. Adaptor router tó wà nílé gbogbo wa yìí, 12 volts lọ́pọ̀ nínú wọn, plus ló sì wà ní àárín, ẹnu ẹ̀ lè bọ́ sínú ihò yẹn gẹ́gẹ́ bíi pé wọ́n bí wọn pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ki i bọ̀ ọ́ ní Sunday Àjíǹde, èéfín ló rí. Wáyà USB kan wà tó ń sọ 5 volts power bank di 9, òun lèmi ń lò lóde báyìí, NEPA lè mú iná lọ kí wọ́n mú un wá, kò kan pẹ́dàlì mi. TU-3 ń jẹ bíi 30 milliamp péré, delay DD-8 ń jẹ bíi 65, power bank ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá lọ sọ́jà, Alábà ni o, Ìbàdàn ni o, ẹ gbé gìtá yín dání, ẹ gbé wáyà méjì àti bátìrì 9 volts tuntun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tiwọn dán an wò fún yín. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún, tó bá ń ṣe pà-pà nínú spíkà, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ mi jáàkì nínú ihò, ohùn ò gbọ́dọ̀ já.

Onígìtá Mọ́kọlá:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Mi ò tíì ra nǹkan kan lọ́jọ́ Friday, mo lọ yá TU-3 lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta bass ní ṣọ́ọ̀ṣì kejì wa, mo gbé e lọ sóde Saturday. Wáyà kan náà, mixer kan náà, gìtá kan náà. Mo ki i bọ̀, mi ò tẹ nǹkan kan. Okùn kìíní mi tó ti kú látoṣù tó kọjá kọ gaan! Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa béèrè pé ṣé mo ti ra gìtá tuntun. Mo dúró síbẹ̀, mo ta nóòtì kan yẹn bíi ìgbà mẹ́wàá kí n tó bẹ̀rẹ̀ orin, ara mi yá. Lẹ́yìn ìyẹn ni okùn kejì yẹ̀ láàárín orin, mo tẹ̀ ẹ́, mo tune ẹ̀ láàárín ìgbà tí gángan ń kì ẹni tó ń náwó, mo padà wọlé.

Ìṣòro kan péré ni mo ní. Nígbà tí mo máa fi ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sunday, bátìrì inú ẹ̀ ti kú, ohùn ò sì jáde rárá, àfi ìgbà tí mo yọ ọ́ kúrò. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ẹni Tó Jókòó Ti Mixer:
Kò bàjẹ́. Buffer ń fẹ́ iná kó tó lè gbé ohùn kọjá, tí iná ò bá sí, gìtá yín dákẹ́ nìyẹn. Ẹ fi wáyà sílẹ̀ nínú INPUT ẹ̀ mọ́jú, àbí? Ìgbà tí jáàkì bá ti wà nínú ihò yẹn ni bátìrì ń ṣiṣẹ́, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń sùn. Ẹ máa yọ ọ́ lẹ́yìn eré. Power bank tí Akọrin Agége wí yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí bátìrì tuntun wà nínú pẹ́dàlì fún pàjáwìrì.

Onígìtá Mọ́kọlá:
Mo fi sílẹ̀ nínú ẹ̀ lóòótọ́ sà. Ó yé mi. Mo ń lọ ra TU-3 tèmi lọ́jọ́ Tuesday, gìtá mi àti wáyà méjì ti wà nínú báàgì. Mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó delay jọ, ẹ̀gbọ́n Delay, 400 yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Tó bá dé, ṣé iwájú tuner ni kí n gbé e sí àbí ẹ̀yìn?

Delay Lójú Agbo:
Ẹ̀yìn o! Gìtá sínú tuner, tuner sínú delay, delay sínú mixer. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ tuner láti tune, delay ò ní gbọ́ okùn tẹ́ ẹ ń fà, èyí tẹ́ ẹ ti ta kẹ́yìn á sì rọra kú lọ fúnra ẹ̀ dípò kó gé lójijì. Ẹ kàn sí mi tẹ́ ẹ bá ti rà á, mo máa bá yín ṣe ìṣirò àwọn orin tẹ́ ẹ ń ta.